Eré tí ó Di Ìwé

Àwọn àgbà wa ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Òtítọ́ ni. Ẹni tí ó jẹun níbi ìgbéyàwó àti ẹni tí a ròyìn ìgbéyàwó fún kò lè yó bákan náà. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ bá mi ro ọ̀rọ̀ kan wò: bí ohun tí a fi ojú rí náà bá ti parẹ́ ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ pé ìròyìn nìkan ni ó ṣẹ́kù sí wa lọ́wọ́, ṣé a ó tún máa yínmú sí i pé kò tó? Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò, nípa irú ìwé kan tí àwọn ọ̀mọ̀wé kì í sábà kà sí ìwé rárá. Èyí ni ìwé ìtàn tí a kọ láti inú eré orí tẹlifíṣọ̀n, pàápàá eré tí ó jẹ mọ́ ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì: ìtàn àwọn tí ń fi ọkọ̀ rìn láàárín ìràwọ̀, ti ẹni tí ń ti ìgbà kan bọ́ sí ìgbà mìíràn, àti ti àwọn ẹ̀dá abàmì tí ó ti ayé mìíràn wá.

Ní Ajíbọ́dẹ ni ọ̀rọ̀ náà ti kọ́kọ́ wọ̀ mí lára. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé inú ọgbà Yunifásítì lè má mọ ibẹ̀ ju orúkọ lọ, ṣùgbọ́n àwa tí a gba yàrá sí ẹ̀yìn Yunifásítì, ní ilẹ̀ Akínyẹlé, a mọ̀ pé bí iná bá lọ ní alẹ́, ìta ni gbogbo ilé ń bọ́ sí. Ní irú alẹ́ bẹ́ẹ̀, bàbá onílé wa a gbé àga wọn síta, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ eré Aláwàdà tí Moses Olaiya, ẹni tí gbogbo wa mọ̀ sí Bàbá Sàlá, ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn nígbà tí àwọn wà ní ọ̀dọ́. Wọn a dìde dúró, wọn a fi ìka ṣe awò ojú ńlá tí kò ní gíláàsì, wọn a fi ọwọ́ júwe aago tí ó rọ̀ sí ọrùn òṣèré náà. Àwọn ọmọdé tí ó jókòó níbẹ̀ kò rí eré náà rí. Ẹ̀yìn ọdún 2018 tí Bàbá Sàlá kú ni a bí àwọn mìíràn nínú wọn. Síbẹ̀ ẹ̀rín a máa pa wọ́n títí wọn a fi di ara wọn mú.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan mo bi wọ́n pé, "Bàbá, ohun tí ẹ ní Bàbá Sàlá rò nínú ọkàn rẹ̀ yìí, ṣé wọ́n sọ ọ́ nínú eré náà ni?"

Bàbá wò mí títí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ojú rẹ̀ ni mo wò tí mo fi mọ̀. Ìwọ tí o kò rí ojú rẹ̀, bí n kò bá sọ ọ́ fún ọ, báwo ni wàá ṣe mọ̀ ọ́n?"

N kò tíì ka ìwé ẹ̀kọ́ kan tí ó ṣe àlàyé iṣẹ́ ẹni tí ń sọ eré di ìwé tó ìdáhùn yìí. Ẹ jẹ́ kí a gbà á ní òṣùwọ̀n, kí a sì fi wọn àwọn ìwé náà.

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá ọdún 1963 ni BBC ní London bẹ̀rẹ̀ eré kan tí wọ́n pè ní Doctor Who. Ìtàn ọkùnrin abàmì kan ni, tí ń fi àpótí àwọn ọlọ́pàá aláwọ̀ búlúù rìn káàkiri ayé àti ìgbà. Àpótí náà kéré lóde, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ tóbi ju ilé lọ. Kò pé ọdún kan tí ìwé àkọ́kọ́ fi jáde láti inú eré yìí, ní oṣù Kọkànlá 1964. David Whitaker, tí ó jẹ́ olóòtú ìtàn fún eré náà, ni ó kọ ọ́. Ẹ wo ohun tí ó ṣe. Nínú eré, àwọn olùkọ́ méjì ni ó tẹ̀lé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wọn kan dé ibi tí ó ń gbé, tí wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀ kan àpótí náà. Nínú ìwé, Whitaker pa gbogbo èyí tì. Ó fi ìtàn náà sí ẹnu ọ̀kan nínú àwọn méjì yìí, Ian, ó sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní òru, nínú kùrukùru, níbi tí ọkọ̀ ti forí sọ ara wọn. Ó mọ̀ pé ẹni tí ń kàwé kò rí àwòrán. Ó ní láti wá ọ̀nà mìíràn tí yóò gbà fà á wọlé. Láti ìwé àkọ́kọ́ pàá ni a ti rí i pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe iṣẹ́ adàwékọ.

Ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú, ní ọdún 1967, James Blish bẹ̀rẹ̀ sí í sọ eré Star Trek di ìtàn kúkúrú, ó ń kó ọ̀pọ̀ pọ̀ sínú ìwé kan. Ìwé tí àwọn òṣèré fi kọ́ ọ̀rọ̀ wọn ni ó ń lò, kì í ṣe eré náà fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ibòmíràn wà tí ìtàn rẹ̀ kò bá ohun tí ènìyàn rí mu. Láti ọdún 1973 ni ilé ìtẹ̀wé Target ní London wá sọ ti Doctor Who di iṣẹ́ àṣelà. Terrance Dicks nìkan kọ ju 60 lọ nínú wọn. Ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n, wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ju ọgọ́rùn-ún ojú ìwé lọ, owó wọn kò sì wọ́n. Àwọn ọmọdé rà wọ́n bí ẹní ra àkàrà gbígbóná. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀: ní àkókò yẹn, ẹ̀rọ tí a fi ń gba eré sílẹ̀ kò tíì dé ilé àwọn ènìyàn. Bí eré bá ti kọjá ní alẹ́ Sátidé, ó lọ nìyẹn. Ẹni tí ó bá fẹ́ tún un rí, inú ìwé ni yóò ti tún un rí.

Àwọn tí ó ṣe eré náà pàápàá kò tọ́jú rẹ̀. Téèpù wọ́n nígbà náà, nítorí náà BBC a máa pa ohun tí ó wà lórí rẹ̀ rẹ́, wọn a sì gba òmíràn lé e. Ohun tí ó yọ díẹ̀ nínú eré náà ni pé wọ́n ti da wọ́n kọ sórí fíìmù, tí wọ́n sì tà wọ́n fún àwọn ilé tẹlifíṣọ̀n ní òkè òkun, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Báyìí ni ó ṣe ṣẹlẹ̀ pé ní oṣù Kẹwàá 2013, BBC kéde pé Philip Morris, tí ń wá irú fíìmù bẹ́ẹ̀ kiri, ti rí díẹ̀ nínú wọn ní ilé tẹlifíṣọ̀n kan ní ìlú Jọ́ọ̀sì. Apá mẹ́sàn-án tí BBC kò ní lọ́wọ́ mọ́ ni ó padà sílé: márùn-ún nínú The Enemy of the World, àti mẹ́rin nínú The Web of Fear. Síbẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n kà á tán ní ọdún náà, apá 97 nínú eré náà ni a kò tíì rí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró díẹ̀ níhìn-ín, nítorí ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wa wà. Ìwé ti wà fún ìtàn méjèèjì. Terrance Dicks kọ ti Web of Fear ní 1976. Ian Marter kọ ti Enemy of the World ní 1981. Fún ọdún 37 àti ọdún 32 ni ìwé méjèèjì fi dúró bí ẹlẹ́rìí, pẹ̀lú ohùn tí àwọn olùfẹ́ eré náà ti gbà sílẹ̀ nílé wọn, àwòrán díẹ̀, àti apá kọ̀ọ̀kan tí kò sọnù. Lójijì, Jọ́ọ̀sì dá ohun tí a jẹ́rìí sí padà. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹlẹ́rìí àti ohun tí ó jẹ́rìí sí pàdé lójú wa báyìí. Kí ni a rí?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé Dicks. Ìtàn náà rọrùn: ẹ̀mí búburú kan tí kò ní ara ń fi àwọn ẹ̀dá onírun ńláńlá, tí ẹ̀rọ wà nínú àyà wọn, ṣe iṣẹ́ ibi ní ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tí ó gba abẹ́ ilẹ̀ London. Àwọn sójà há sí abẹ́ ilẹ̀ náà, ọ̀kan nínú àwọn tí ó wà pẹ̀lú wọn sì ti di ẹrú ẹ̀mí náà, a kò mọ ẹni tí í ṣe. Nínú eré, gbogbo ojú ni a ń wò, tí a sì ń fura sí. Nínú ìwé, òǹkọ̀wé ní láti yan inú ẹni tí yóò wọ̀ àti inú ẹni tí kò gbọdọ̀ wọ̀. Bí ó bá wọ inú ọ̀dàlẹ̀ náà, àṣírí tú nìyẹn. Ẹni tí ó bá rò pé ọmọdé lè ṣe irú iṣẹ́ yìí, kí ó gbìyànjú rẹ̀ wò.

Àwọn kan a máa bú Dicks pé ọ̀rọ̀ kan náà ni ó ń lò láti ìwé dé ìwé. Bí àpótí náà bá fẹ́ gbéra, ìró rẹ̀ kì í yí padà: ó ń mí hẹlẹ, ó ń kérora, bí ó ti ṣe nínú ìwé àná. Bí ẹnìkan bá wọlé, àpèjúwe tí a ti mọ̀ ọ́n mọ́ ni yóò bá a wọlé. Mo ti gbọ́ tí wọ́n pe èyí ní ọ̀lẹ. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ Yorùbá kò lè bá wọn pè é bẹ́ẹ̀. Oríkì ni. Ta ni ń bú akígbe ọba pé oríkì tí ó kì lánàá náà ni ó tún ń kì lónìí? Nípa oríkì ni ẹni tí kò sí níbẹ̀ lánàá fi ń mọ ẹni tí ó ń wọlé bọ̀. Ọmọ tí ó bá ra ìwé kan ṣoṣo nínú 60 kò ní ṣìnà.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà nínú ìwé yìí tí ó yẹ kí àwa tí a wà ní Áfíríkà dúró wò. Nínú ìtàn yìí ni ọ̀gágun Lethbridge-Stewart ti kọ́kọ́ wọ inú eré náà, ẹni tí yóò di ọ̀rẹ́ Dókítà fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Apá kẹta ni a ti kọ́kọ́ rí i dáadáa. Apá kẹta yìí gan-an ni kò dé. Ẹni tí ó rí fíìmù náà sọ pé ó wà níbẹ̀ nígbà tí òun kọ́kọ́ rí wọn, ṣùgbọ́n ó ti pòórá kí ìyókù tó gbéra. Dicks, tí ó ń kọ̀wé ní 1976, mọ ohun tí àwọn tí ó ṣe eré náà ní 1968 kò mọ̀, pé ọ̀rẹ́ yìí yóò tọ́jọ́. Ó dá ìtàn dúró, ó fi ìpàdé àwọn méjèèjì wé ìgbà tí Stanley pàdé Livingstone. Gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọwọ́ òǹkọ̀wé, ó dára: ojú kámẹ́rà kò lè rí ọjọ́ iwájú, ṣùgbọ́n ojú òǹkọ̀wé rí i. Ohun tí bàbá onílé wa ń ṣe gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo àfiwé tí ó sáré wá sí i lọ́wọ́! Ní Ujiji, ní 1871, àwọn ará ìlú mọ ibi tí Livingstone wà; àwọn ni ó ń bá gbé. Ojú àwọn ará ilé rẹ̀ nìkan ni ó ti sọnù. Bẹ́ẹ̀ náà ni nígbà tí ìròyìn Jọ́ọ̀sì jáde, gbogbo ayé ń pariwo pé a ti ṣe àwárí. Ní ibi tí àwọn tí ó ni eré náà ti pa tiwọn rẹ́, ilẹ̀ wa ni ẹ̀dà tí ó ṣẹ́kù wà. Mo sọ èyí kì í ṣe láti bú Dicks. Mo sọ ọ́ kí a lè mọ̀ pé ẹni tí ó bá sọ eré di ìwé, ojú ìlú tirẹ̀ ni yóò fi wò ó. Èyí tí a kò bá kọ fúnra wa, ojú ẹlòmíràn ni a ó máa fi wò ó.

Ìwé kejì, ti Marter, kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Salamander ni ọkùnrin kan tí gbogbo ayé ń yìn, nítorí ó mọ bí a ti ń kó agbára oòrùn jọ kí irè oko lè pọ̀ sí i. Lábẹ́ ilẹ̀, ó fi àwọn ènìyàn pamọ́, ó tàn wọ́n jẹ pé ogun ń jà lókè, ó sì ń lò wọ́n láti dá ìmìtìtì ilẹ̀ àti iná orí òkè sílẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀ pé Dókítà jọ ọ́ bí ìbejì. Òṣèré kan náà, Patrick Troughton, ni ó ṣe àwọn méjèèjì. Kí ó tó di 2013, apá kẹta nìkan ni a lè wò nínú ìtàn yìí, ọ̀rọ̀ sísọ nínú ilé ni ó sì pọ̀ nínú rẹ̀. Nítorí náà ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ka ìtàn náà sí. Nígbà tí ìyókù dé, ojú wọ́n là. Wọ́n rí ọkùnrin kan tí ó ń ṣe ẹni rere, tí ó ń ṣe ìkà, tí ó sì tún ń ṣe ẹni rere tí ń sín ìkà náà jẹ, tí ènìyàn yóò sì mọ̀ wọ́n yàtọ̀ nípa ìrìn àti ẹnu nìkan.

Kò sí ohun tí ìwé lè fi èyí ṣe. Ìwé lè sọ fún wa pé ìbejì jọra; kò lè mú kí a ṣì wọ́n pè. Marter kì í ṣe òǹkọ̀wé yẹpẹrẹ. Òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́ òṣèré nínú Doctor Who ní 1974 àti 1975, ó mọ bí ara ti ń rí nígbà tí ẹ̀rù bá bà á, kò sì bẹ̀rù àtikọ nípa ẹ̀jẹ̀ àti ìrora. Ṣùgbọ́n ohun tí ó jẹ́ ẹ̀mí eré yìí wà ní ojú òṣèré kan, ojú kò sì ṣe é tẹ̀ ní ìwé. Níhìn-ín ni àwọn àgbà ti borí: ìròyìn kò tó àfojúbà. Ìdájọ́ mi nìyí, nígbà náà. Ibi tí agbára eré bá wà nínú ohun tí ó ṣẹlẹ̀ àti ohun tí ènìyàn rò, ìwé lè bá a dọ́gba, ó tilẹ̀ lè ré e kọjá. Ibi tí agbára rẹ̀ bá wà lára òṣèré, ìwé kò lè ju ẹlẹ́rìí lọ. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí kì í ṣe ohun àbùkù, pàápàá nígbà tí ẹjọ́ bá dé tí kò sí ẹlòmíràn.

Kí ni èyí kàn wá? Ó kàn wá gidigidi. Ìbàdàn yìí ni tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀, WNTV, ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959. Mélòó nínú eré Yorùbá tí ó gbé jáde ní àwọn ọdún 1960 ni akẹ́kọ̀ọ́ lè béèrè fún lónìí kí a sì fi hàn án? A kò ní ẹni tí ń ti òkè òkun bọ̀ wá kó tiwa fún wa láti Jọ́ọ̀sì.

Kì í ṣe pé a kò gbìyànjú rí. Ní 1967 ni Atọ́ka bẹ̀rẹ̀, ìwé àtìgbàdégbà tí ó ń sọ eré àwọn ẹgbẹ́ òṣèré wa di àwòrán, tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sì wà lára àwòrán náà. Atọ́ka gba ohun tí Marter kò lè gbà: ó gba ojú òṣèré. Ṣùgbọ́n kò ní olùsọtàn tí ó lè wọ inú ọkàn ẹnikẹ́ni, orin kò sì ṣe é yà ní fọ́tò. Akínwùmí Ìṣọ̀lá gba ọ̀nà kejì: lẹ́yìn tí Túndé Kèlání ti fi ìtàn rẹ̀, Ṣaworoidẹ, ṣe fíìmù ní 1999, ó sọ ọ́ di ìwé. Àwọn tí ó ti wo fíìmù náà tún rí nǹkan kà níbẹ̀, èyí sì fi hàn pé ọ̀nà náà ṣí sílẹ̀ fún wa. Bí a bá sì wò ó dáadáa, kò ṣàjèjì sí wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà tẹ̀ jáde ní 1938, báwo ni ìtàn ṣe di ìwé? Àkàrà-ògùn ń sọ, ẹnìkan jókòó tì í, ó ń kọ. Ìtàn àròsọ wa gbé irú akọ̀wé bẹ́ẹ̀ síwájú wa kí tẹlifíṣọ̀n tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ohun mẹ́ta ni mo bẹ̀ yín. Àkọ́kọ́, kí olúkúlùkù wa wá àgbà kan tí ó rí eré ìgbà náà, kí ó sì kọ ọ̀kan ṣoṣo sílẹ̀ láti ẹnu rẹ̀. Èkejì, kí a sọ ní ojú ìwé àkọ́kọ́ ohun tí àgbà náà fi ojú rí àti ohun tí àwa fi kún un, kí a má baà fi àbùlé tan àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn jẹ. Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe bẹ̀rù àtifi kún un. Ẹni tí ó bá kọ kìkì ohun tí a gbọ́ lẹ́nu òṣèré, egungun eré ni ó kó jọ.

Ní alẹ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, iná dé lójijì. Gbogbo ọmọdé pariwo, wọ́n sáré wọlé lọ sídìí tẹlifíṣọ̀n. Bàbá ṣẹ́kù lórí àga wọn, Bàbá Sàlá sì wà níbi tí a fi í sí, kò tíì bọ́ nínú wàhálà tí ó kó sí. Mo wọlé lọ mú bíró àti ìwé, mo padà wá jókòó.

"Ẹ máa bá a lọ, Bàbá," ni mo wí.

Ìròyìn kò tó àfojúbà, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìròyìn sàn ju ìgbàgbé lọ.